Àga Ọjọ́ Méjì Ààbọ̀

Kí n tó sọ bí àga kan ṣe di ọ̀gá kan mú ní ìdí, ó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ mọ irú ìdí tó jẹ́. Ìdí pàtàkì ni. Kì í jókòó sórí àga tí ẹlòmíràn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde níbẹ̀. Bí ọkùnrin náà bá fẹ́ jókòó níbi ìpàdé, akọ̀wé rẹ̀ á kọ́kọ́ fi aṣọ funfun nu àga lẹ́ẹ̀mẹta, á fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́ẹ̀kan, á wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á sọ pé, "Ó yá o, wọ́n ti ń bọ̀." Àga ló ń bá sọ̀rọ̀ o.

Ọkùnrin yìí ni olórí ilé-iṣẹ́ ìjọba kan tí wọ́n ti ń ṣe ìwádìí lórí ike. Nígbà tó kọ́kọ́ dé, "Ọ̀gá" ni wọ́n ń pè é. Ó ní ìyẹn ò tó, nítorí òun ti gbọ́ tí wọ́n ń pe ẹni tó ń ṣọ́ géètì náà bẹ́ẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ di "Ọ̀gá Àgbà". Ó ní àgbà ń mú òun dà bí arúgbó. Lẹ́yìn ìpàdé mẹ́ta àti ọ̀pọ̀lọpọ̀ bisikíìtì, wọ́n fẹnu kò sí "Ọ̀gájọ̀gálọ". Ó gbà á pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀. Ó ní kí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára ilẹ̀kùn òun, kí wọ́n sì tún kọ ọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn náà, kí òun máa rí i kà láti inú.

Òfin rẹ̀ kò pọ̀. Bí ó bá dìde, kí gbogbo ènìyàn dìde, bí ó bá sì ṣe dìde gẹ́lẹ́ ni kí wọ́n ṣe dìde. Bí ó bá wúkọ́, kí àwọn náà wúkọ́ díẹ̀, kó má baà dà bíi pé ara tirẹ̀ nìkan ni kò yá. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ "ṣùgbọ́n" níwájú rẹ̀, nítorí ó ní ọ̀rọ̀ náà máa ń dá ìrònú òun dúró lójú ọ̀nà. Èyí tó wá burú jù ni ti kọ́tìnì. Ní ọjọ́ ìbí rẹ̀, ó ní kí wọ́n tẹ ojú òun sára aṣọ, ojú tó fẹ̀ tó àtẹ, pẹ̀lú túbọ̀mu tó rí bíi búrọ́ọ̀ṣì, kí wọ́n sì fi ta gbogbo fèrèsé. Òfin jáde pé ẹni tó bá ń kọjá gbọ́dọ̀ kí i. Fèrèsé mẹ́rìnlá ló wà láàárín yàrá iṣẹ́ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ ro ti ẹni tí inú ń run, tó ń sáré, tó sì gbọ́dọ̀ pe "Ẹ káàárọ̀, sà" nígbà mẹ́rìnlá. Àwọn mìíràn kì í dé ìkẹtàlá.

Aṣọ náà ṣẹ́kù, wọ́n sì kó ìyókù lọ sílé rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi aṣọ yẹn sọ́kàn. A máa tún bá a pàdé.

Ní ìsàlẹ̀ pátápátá ilé-iṣẹ́ náà, lẹ́yìn yàrá tí wọ́n ń kó tábìlì tó ti kán sí, obìnrin kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ìkòkò, nítorí ìkòkò irin ńlá kan tó ń tọ́jú bí ọmọ. Ọdún kọkànlá rèé tó ti ń se òróró nínú ìkòkò náà. Kì í ṣe pé ó fẹ́ fi dín nǹkan o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òróró kan náà ni, èyí tí wọ́n ń fún lára ẹ̀wà sóyà. Ara epo rọ̀bì tí wọ́n ń fà jáde nínú ilẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe ike tí gbogbo wa ń lò, ọjọ́ tí ìyẹn bá sì tán, ó tán nìyẹn. Sóyà ní tirẹ̀, wọ́n á tún gbin òmíràn lọ́dún tó ń bọ̀. Ìyá Ìkòkò á se òróró náà pẹ̀lú omi oògùn kan títí ìwà rẹ̀ á fi yí padà, tí kò ní máa yọ̀ mọ́, tí á bẹ̀rẹ̀ sí í di ara rẹ̀ mú. Á wá da ìyẹ̀fun funfun kan sí i tí iná kórìíra. Ohun tó ń jáde nínú ìkòkò á máa fà bí oyin. Oje ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á dà á sínú mọ́ọ̀dù tí Káfíńtà, ọkùnrin tó ń bá a ṣiṣẹ́, fi pákó kàn, wọ́n á gbé e sí yàrá gbígbóná, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ méje gbáko.

Ọjọ́ méje yìí ni ìtàn wa. Bí ènìyàn bá wo oje náà ní ọjọ́ kejì, á rò pé ó ti gbẹ. Á máa dán, á le, bí a bá fi èékánná kàn án á dún kó. Inú rẹ̀ ni kò tíì gbẹ. Bí ooru bá kàn án díẹ̀ báyìí, á rántí pé oje lòun. Tó bá di ọjọ́ keje, kò ní rántí mọ́. Ìdí nìyẹn tí Ìyá Ìkòkò fi máa ń fi ìṣó kọ ọjọ́ méjì sí abẹ́ gbogbo ohun tó bá dà: ọjọ́ tí wọ́n dà á àti ọjọ́ tí ènìyàn lè fọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn náà, á ya ìkòkò kékeré kan síbẹ̀. Kò sí ohun tó ti ọwọ́ rẹ̀ jáde tí kò ní àmì yìí, ìbáà ṣe bọ́tìnnì.

Ohun tó ń lé e náà nìyí. Ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi kan wà ní òdìkejì títì. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, wáyà ṣẹ́ná lókè àjà wọn, àjà náà sì jẹ́ ike lásán. Ó jó, ó ń yọ́, ó ń kán iná sílẹ̀ tó, tó, tó bí òjò. Ọlọ́run yọ wọ́n, àwọn ọmọ wà níta, wọ́n ń ṣeré. Ọmọ ọmọ Ìyá Ìkòkò wà lára wọn, báàgì rẹ̀ nìkan ló jó. Láti ọjọ́ náà, abẹ́ páànù lásán ni wọ́n ti ń kàwé, ooru ń sè wọ́n. Obìnrin yìí búra pé òun máa ṣe àjà tí iná á bá níbẹ̀, á sì wárí fún un. Ní ọdún kọkànlá yìí, ọwọ́ rẹ̀ ti bà á. Òróró tó wà nílẹ̀ tó fún àjà kíláàsì mẹ́rin. Ó kù kó dà á.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn tí lẹ́tà Mínísítà fi wọlé ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ó ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì láti wá wo ohun tí ilé-iṣẹ́ náà ti ṣe láti ọdún mẹ́rin tí ọ̀gá tuntun ti dé.

Ọ̀gájọ̀gálọ ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó wo akọ̀wé rẹ̀. "Kí la ti ṣe?"

"Kọ́tìnì, sà," Akọ̀wé dáhùn.

"Yàtọ̀ sí kọ́tìnì?"

Akọ̀wé wúkọ́. Ọ̀gájọ̀gálọ náà wúkọ́. Gbogbo ọ́fíìsì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn wúkọ́.

Bí ọ̀gá náà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá iṣẹ́ kiri inú ilé-iṣẹ́ ara rẹ̀ nìyẹn. Ó ń ṣí ilẹ̀kùn yìí, ó ń ti ìyẹn, títí ó fi já sí yàrá ìkòkò, níbi tí Ìyá Ìkòkò àti Káfíńtà ti ń fi iná gáàsì dán pátákó ike kékeré kan wò.

"Ibo nìyí?" Ọ̀gájọ̀gálọ bèèrè.

"Ibi tí ẹ ti ń ṣe ìwádìí yín ni, sà," Akọ̀wé ní, ẹni tí kò débẹ̀ rí.

"Ṣé mo ń ṣe ìwádìí ni?"

"Gan-an ni, sà. Ìrẹ̀lẹ̀ yín ni kò jẹ́ kí ẹ rántí."

Ìyá Ìkòkò kúnlẹ̀ kí i, ó dìde, ó sì tún fi iná sí pátákó náà. Iná lá a, ibẹ̀ dúdú díẹ̀, èéfín wínníwínní kan jáde, iná sì kú fúnra rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n bá wí. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, ó ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta. Ọ̀gájọ̀gálọ la ẹnu, ó pa á dé.

"Mo mọ̀ pé mo lè ṣe é," ó ní.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà!" Akọ̀wé pariwo. "Ẹ kú ìyà! Ọdún mẹ́rin gbáko!"

Káfíńtà wo Ìyá Ìkòkò. Ìyá Ìkòkò wo ìkòkò.

"Àjà ilé-ẹ̀kọ́ la fẹ́ fi ṣe, sà," ó ní.

"Àjà kẹ̀? Ta ló ń wo àjà? Mínísítà máa wá gbọ́rùn sókè nítorí tèmi? Àga ni kí ẹ fi ṣe. Àga ńlá tí ẹ̀yìn rẹ̀ ga. Màá jókòó sórí ẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, ẹ máa fi iná sí i nídìí, màá sì máa bá Mínísítà sọ̀rọ̀ bíi pé kò sí nǹkan kan."

"Kò ní jó, sà. Ṣùgbọ́n..."

Akọ̀wé fọwọ́ bo ẹnu bíi pé òun ló sọ ọ́. Káfíńtà yíjú sí ògiri. Ọ̀gájọ̀gálọ di ojú, ó mí kanlẹ̀, ó dúró kí ọ̀rọ̀ náà kọjá lọ.

"Màmá," ó ní, "mi ò gbọ́ yẹn. Ẹ sọ òmíràn."

"Ọjọ́ méje ló ń gbà kó tó gbẹ dé inú, sà."

"Ta ló fún un ní ọjọ́ méje?"

"Bó ṣe rí nìyẹn, sà."

"Mo ní ta ló fún un? Ìwé dà? Ta ló buwọ́ lù ú?"

Kò sí ẹni tó buwọ́ lù ú lóòótọ́. Ojú Ọ̀gájọ̀gálọ mọ́lẹ̀ bí ẹni tó mú olè. "Ẹ ò rí i! Oje kàn ń gba ìsinmi ọjọ́ méje nílé-iṣẹ́ mi láìgbàṣẹ! Akọ̀wé, máa kọ ọ́: láti òní lọ, oje kankan kò gbọdọ̀ lò ju ọjọ́ méjì ààbọ̀ lọ kó tó gbẹ. Oje tó bá kọ̀ máa fojú winá òfin."

Wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i. Akọ̀wé lẹ ẹ̀dà kan mọ́ ara mọ́ọ̀dù, kí oje lè rí i kà. Nígbà tó rò pé ìyẹn ò tó, ó lọ síbi kàlẹ́ńdà ara ògiri láti ya ọjọ́ mẹ́rin ààbọ̀ kúrò níbẹ̀. Ó ya mẹ́rin. Ó dúró.

"Ààbọ̀ èwo lẹ fẹ́ ya?" Káfíńtà bi í, kò rẹ́rìn-ín rárá. "Ṣé ti àárọ̀ ni àbí ti ìrọ̀lẹ́?"

Akọ̀wé rò ó. Ó gun òkè lọ bèèrè. Nígbà tó máa fi sọ̀kalẹ̀, lẹ́tà kejì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún Ìyá Ìkòkò. Lẹ́tà náà ní bó bá ti di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, yàrá ìkòkò ti di Gbọ̀ngàn Iṣẹ́ Ọwọ́ Ọ̀gájọ̀gálọ. Wọ́n máa nu ìkòkò náà, wọ́n á gbé e sórí àpótí, wọ́n á kọ "Ìkòkò tí Ó Lò" sí i lára. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Ìyá Ìkòkò fún bó ṣe bá wọn ṣọ́ ọ, wọ́n sì ní kó lọ máa sinmi nílé. Ìwé tí Mínísítà máa buwọ́ lù ti wà nílẹ̀: ó sọ pé Ọ̀gájọ̀gálọ nìkan ló dá iṣẹ́ náà ṣe, láti orí òróró títí dé orí iná. Bó bá ti buwọ́ lù ú, ó parí.

Ìyá Ìkòkò ka lẹ́tà náà tán, ó ká a, ó fi sí àpò ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀.

"Màmá," Káfíńtà sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, "ṣé kí n da iyanrìn sí i ni?"

"Sí oje mi? Kí ló fi ṣe ọ́?"

"Kí àga náà kán ni. Kó ṣubú lójú Mínísítà."

"Oje ò ṣẹ ẹnikẹ́ni. A máa sè é dáadáa, a máa dà á dáadáa." Ó nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀yìn ọwọ́. "Mo kàn fẹ́ kí àwọn ọmọ yẹn rí nǹkan fi borí ni."

Wọ́n sè é dáadáa. Gbogbo òróró àjà kíláàsì mẹ́rin ló wọ inú àga kan ṣoṣo. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun náà wọ́n dà á. Ní òwúrọ̀ kùtù ọjọ́ Ẹtì, Káfíńtà tú mọ́ọ̀dù, àga sì jáde bí ọba: ó ga, ó pọ́n bí oyin, ó ń dán tó fi jẹ́ pé ènìyàn lè fi wo eyín. Ìyá Ìkòkò dojú rẹ̀ délẹ̀, ó mú ìṣó, ó kọ ohun tó máa ń kọ, ó sì ya ìkòkò kékeré rẹ̀ síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wọ́n ìyẹ̀fun tí wọ́n ń wọ́n sínú mọ́ọ̀dù sórí ìjókòó náà, kí ó má baà lẹ̀. Bó ṣe kúrò níbẹ̀ báyìí, Akọ̀wé dé pẹ̀lú aṣọ funfun, ó nù ún lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì fẹ́ atẹ́gùn sí i. "Ó yá o," ó sọ fún àga, "wọ́n ti ń bọ̀."

Nílé Ọ̀gájọ̀gálọ, ọkùnrin náà dúró níwájú dígí, ó ń wọṣọ. Ìyàwó rẹ̀ jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. Obìnrin yìí kì í fi nǹkan ṣòfò. Nígbà tí ìyókù aṣọ kọ́tìnì dé, ó fi rán àwọ̀tẹ́lẹ̀ méjìlá fún ọkọ rẹ̀. Bí aṣọ náà ṣe gbà á láti gé e, ẹ̀yìn ni ojú bọ́ sí: ojú kan, túbọ̀mu kan, lórí àwọ̀tẹ́lẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

"Dádì, ẹ ò bá wọ òmíràn lónìí," ó ní. "Èyí tó funfun lásán yẹn."

"Kí ló ṣe èyí?"

"Àlejò ń bọ̀. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ ńkọ́?"

"Ìyá àwọn ọmọ, kí ló lè ṣẹlẹ̀ sí mi ní ìdí?"

Obìnrin náà rò ó, ó bá na ṣòkòtò funfun sí i.

Nígbà tí aago mẹ́wàá lù, gbọ̀ngàn ti kún. Mínísítà jókòó níwájú, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó di báàgì rẹ̀ mọ́ àyà, tí kò sì sí ẹni tó rí i kó rẹ́rìn-ín rí. Ogójì òṣìṣẹ́ jókòó lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá Ìkòkò àti Káfíńtà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri pẹ̀lú páìpù iná gáàsì. Ọ̀gájọ̀gálọ wọlé, gbogbo ènìyàn dìde. Ó jókòó sórí àga oyin náà, wọ́n jókòó. Ó wúkọ́, wọ́n wúkọ́. Ó wá gba makirofóònù.

"Ọlọ́lájùlọ Mínísítà! Nígbà tí wọ́n bí mi, mi ò sunkún. Mo ń ronú nípa ike."

Àtẹ́wọ́.

"Nígbà tí mo di ọmọ ọdún mẹ́ta, ìyá mi ń dín nǹkan. Mo wo òróró. Òróró wò mí. Àwa méjèèjì mọ̀ pé a máa tún ríra!"

Àtẹ́wọ́ ńlá. Akọ̀wé fi áńkáṣíìfù nu ojú tó gbẹ.

"Wọ́n ní òróró ò lè di ike. Mo bá òróró sọ̀rọ̀, ó gbọ́! Wọ́n ní ike ò lè sá fún iná. Mo bá iná náà sọ̀rọ̀! Wọ́n ní ọjọ́ méje ló máa gbà. Èmi, pẹ̀lú ọwọ́ ara mi, mo sọ ọ́ di méjì ààbọ̀! Ẹnikẹ́ni ò ràn mí lọ́wọ́. Èmi nìkan ni mo sè é, èmi nìkan ni mo dà á. Ẹ mú iná wá!"

Ìyá Ìkòkò gbé ẹsẹ̀ kan síwájú. "Sà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dìde kí a tó fi iná sí i. Kò ní jó, ṣùgbọ́n..."

"Iná!" Ọ̀gájọ̀gálọ kígbe.

Káfíńtà tan páìpù, ó sì tì í sábẹ́ ìjókòó. Iná aláwọ̀ búlúù lá ìdí àga, ibẹ̀ dúdú díẹ̀, èéfín wínníwínní jáde, iná pòórá. Ó tún un ṣe. Iná tún pòórá. Mínísítà sún síwájú lórí ìjókòó rẹ̀, ó ní kí wọ́n ṣe ẹlẹ́ẹ̀kẹta kí òun fojú ara òun rí i. Iná tún kú. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́, gbogbo ènìyàn sì tẹ̀lé e. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: iṣẹ́ tó dára gan-an ni, iṣẹ́ ọdún mọ́kànlá.

Ọ̀gájọ̀gálọ ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ìdí rẹ̀ ń lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, ó sì rò pé ògo ni.

"Ẹ bọ́ síbí," Mínísítà ní, ó mú ìwé jáde, ó ṣí bírò. "Ẹ jẹ́ kí n buwọ́ lù ú níwájú gbogbo ènìyàn."

Ọ̀gájọ̀gálọ dìde. Àga dìde.

Ó jókòó padà, ó tún dìde. Àga náà tún bá a dìde. Ó gbọn ìdí sí ọ̀tún, àga gbọn sí ọ̀tún. Ó dúró báyìí, ó tẹ̀ síwájú bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́, àga ńlá náà sì wà ní ìdí rẹ̀ bí ilé ìgbín, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ ń wo ẹ̀yìn.

Akọ̀wé rí i. Ó rò pé ìlànà ìdìde tuntun ti jáde, òun sì ni ẹni ìkẹyìn tó gbọ́ nípa rẹ̀. Kíá ló fọwọ́ méjèèjì di àga tirẹ̀ mú mọ́ ìdí, ó tẹ̀ síwájú, ó sì dìde. Àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ rí i, àwọn náà ṣe bẹ́ẹ̀. Kò pẹ́, ogójì òṣìṣẹ́ ìjọba wà nínàró ní títẹ̀, oníkálukú pẹ̀lú àga ní ìdí, wọ́n ń wo ilẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Àwọn méjì tó bá Mínísítà wá náà wo ara wọn, wọ́n gbé àga wọn díẹ̀, kó má baà jẹ́ pé àwọn ló ṣàìmọ̀wàá hù.

"Kí lẹ̀ ń ṣe?" Mínísítà bèèrè.

"Ìyẹn ni... ìyẹn ni pé..." Ọ̀gájọ̀gálọ ń làágùn. "Ike náà fẹ́ràn mi, Mà. Ẹni tó ṣe é ló mọ̀."

"Ẹ bọ́ ṣòkòtò yẹn sílẹ̀ kí ẹ jáde níbẹ̀. A máa kọjú sí ògiri."

Ọ̀gájọ̀gálọ rántí ìyàwó rẹ̀, ó rántí ohun tó wà lábẹ́ ṣòkòtò. "Rárá o! Kò sí bíbọ́!"

Nígbà tó yíjú láti sá fún ọ̀rọ̀ náà, abẹ́ àga kọjú sí Mínísítà gbọngbọn. Mínísítà wọ awò ojú, ó tẹ̀ mọ́ ọn, ó sì kà á sókè: "'Dídà: Ìṣẹ́gun. Fífọwọ́kàn: Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀.' Wọ́n wá ya ìkòkò kan síbí. Ta ló kọ èyí?"

"Ìyá Ìkòkò ni, Mà!" Káfíńtà pariwo láti ẹ̀gbẹ́ ògiri. "Gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ wọn ló ní i!"

"Ta ni Ìyá Ìkòkò?"

"Èmi ni!" Ọ̀gájọ̀gálọ ní.

Mínísítà wò ó láti orí dé ẹsẹ̀ àga.

"Ẹ̀yin," Mínísítà ní, "ni Ìyá Ìkòkò?"

"Orúkọ tí wọ́n ń pè mí nílé ni, Mà. Láti kékeré."

"Ìyá?"

"Nítorí àánú mi ni, Mà."

Mínísítà dé bírò rẹ̀ padà. "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá dá oje yìí sè á mọ bí wọ́n ṣe ń tú u. Ìyá Ìkòkò, ẹ tú ara yín."

Ọ̀gájọ̀gálọ gbìyànjú. Ó fà, ó tì, ó fò sókè lẹ́ẹ̀mejì, ogójì òṣìṣẹ́ sì bá a fò lẹ́ẹ̀mejì tàwọn tàga. Ó pa àṣẹ fún àga náà. Ó ní kí wọ́n mú òǹtẹ̀ wá. Ní ìkẹyìn, ó wo ẹ̀gbẹ́ ògiri, ohùn kékeré kan tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí sì jáde.

"Màmá... kí lẹ fẹ́ sọ lẹ́yìn ṣùgbọ́n?"

"Nínú makirofóònù," Mínísítà ní. "Ta ló ṣe é?"

Wọ́n gbé makirofóònù sọ̀kalẹ̀ síbi tí ẹnu rẹ̀ wà. "Àwọn ni wọ́n ṣe é," ó ní. "Màmá yẹn. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń sè é. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun yìí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ yàrá náà."

Kò sí ẹni tó pàtẹ́wọ́. Ìyá Ìkòkò kò rẹ́rìn-ín rẹ̀ pàápàá. Ó lọ, ó sì padà dé pẹ̀lú abọ́ òróró lásán tó ti yá díẹ̀ lórí iná, èyí tí kò tíì bá omi oògùn pàdé. Ó ní kí ọkùnrin náà jókòó. Ó ń fi ṣíbí ro ó sétí ibi tí aṣọ ti lẹ̀, díẹ̀díẹ̀.

"Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé kò ní jó, ṣùgbọ́n á gbóná, bó bá sì gbóná láìtíì pé ọjọ́ méje, á rọ̀, á mú ohun tó bá bá pàdé. Ẹ má mira, sà. Á gbà wá ní wákàtí kan."

"Wákàtí kan ti pọ̀ jù," Ọ̀gájọ̀gálọ ní. "Ìṣẹ́jú mẹ́wàá."

Èmi ò mọ ohun tí wọ́n fi dá àwọn ènìyàn kan. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá pé, ó fò dìde.

Fààà!

Ọkùnrin náà bọ́ lóòótọ́. Ìdí ṣòkòtò funfun kò bá a bọ́, bẹ́ẹ̀ ni ìdajì ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Lójú Mínísítà, lójú gbogbo òṣìṣẹ́, ojú ńlá kan tí kò ní ju ojú òsì àti ìdajì túbọ̀mu mọ́ ń wò wọ́n láti ẹ̀yìn Ọ̀gájọ̀gálọ, ó ń rìn bó ṣe ń rìn.

Akọ̀wé kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ọdún mẹ́rin ti mọ́ ọn lára. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, sà."

Ibẹ̀ ni Mínísítà tí kì í rẹ́rìn-ín ti bú sẹ́rìn-ín. Ó rín in títí báàgì fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, títí awò ojú fi bọ́ sínú abọ́ òróró. Ogójì òṣìṣẹ́ jọ̀wọ́ àga wọn sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo ilé mì. Ẹnì kan já kọ́tìnì láti ojú fèrèsé, wọ́n fi wé ọ̀gá náà, ó sì lọ sílé tòun ti ojú ara rẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn. Bí ó ṣe ń wọlé, ìyàwó rẹ̀ wò ó lókè, ó wò ó nísàlẹ̀.

"Dádì," ó ní, "kí ni mo sọ?"

Mínísítà ya ìwé tó fẹ́ buwọ́ lù tẹ́lẹ̀, ó sì kọ òmíràn pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀. Ìkòkò kò gbọdọ̀ kúrò níbi tó wà. Wọ́n gbọ́dọ̀ wá òróró rọ́pò èyí tí wọ́n lò nílòkulò. Ọ̀gájọ̀gálọ á lọ ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì mìíràn, èyí tí kò ní fèrèsé. Ó wá bi Ìyá Ìkòkò bóyá ó ní ohun tó fẹ́.

"Ọjọ́ méje mi, Mà," Ìyá Ìkòkò dáhùn. "Kí wọ́n dá a padà."

Akọ̀wé fúnra rẹ̀ ló jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú gọ́ọ̀mù, tó ń lẹ àwọn ọjọ́ tó ya padà sára kàlẹ́ńdà, títí kan ààbọ̀.

Wọ́n ti kan àjà kíláàsì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nísinsìnyí. Àwọ̀ oyin ni, àwọn ọmọ ibẹ̀ sì ń sọ pé ó jọ súìtì. Kí wọ́n tó kàn án, Ìyá Ìkòkò gbé páìpù gáàsì lọ, ó fi iná sí pátákó kọ̀ọ̀kan létí níwájú ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, iná sì ń kú níkọ̀ọ̀kan. Ọmọ ọmọ rẹ̀ bi í pé ṣé iná náà ń ṣàìsàn ni.

Ọ̀gá tuntun ti dé. Ó jẹ́ ọmọlúàbí, ó yọ kọ́tìnì kúrò. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó sọ̀kalẹ̀ wá sí yàrá ìkòkò, ó kí gbogbo ènìyàn dáadáa, ó sì ní àwọn àlejò kan ń bọ̀.

"Màmá, mo mọ̀ pé ọjọ́ méje ni. Ṣé kò wá lè jẹ́ márùn-ún fún ẹ̀ẹ̀kan péré? Nítorí àwọn àlejò yìí?"

Ìyá Ìkòkò ń ro ìkòkò rẹ̀ lọ. Káfíńtà dìde ní igun yàrá, ó fa àga ńlá kan jáde. Àga náà ti gbẹ tipẹ́, kò rántí oje mọ́, kò sì sí ohun tó lè yọ aṣọ tó wà lára ìjókòó rẹ̀ mọ́ láyé: ìdí ṣòkòtò funfun kan àti, láàárín rẹ̀, ojú ọ̀tún kan tó la sílẹ̀ rekete pẹ̀lú ìdajì túbọ̀mu.

"Ẹ jókòó, sà," Káfíńtà ní, "kí a jọ sọ ọ́."

Ọ̀gá tuntun wo àga náà. Ojú ara àga náà wò ó.

"Rárá, mo dúpẹ́," ó ní, ó ń fi ẹ̀yìn rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ jẹ́ kó jẹ́ méje."